Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Abẹ́ Kútẹ́sì Pupa

Inú abọ́ tí Màmá fi ń ṣa ìrẹsì ni mo ti kọ́kọ́ fọ sídíì. Orin àwọn ọmọdé ló wà lórí rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí kò ti kọjá orin kẹta. Bó bá ti débẹ̀, ohùn àwọn ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná, àwòrán á gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Oògùn tí ilé wa mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: Màmá á yọ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, á fi etí ìró rẹ̀ nù ún yípo yípo, á dá a padà, á sì fi ọwọ́ gbá orí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há sí lọ́fun lẹ́yìn. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ lásìkò náà, eruku pupa Kàdúná ti bo gbogbo nǹkan, àti ewé, àti àga, àti irun ojú wa. Mo gbé sídíì náà sójú fèrèsé, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìbàjẹ́ lára rẹ̀, eruku àti ọ̀rá ìka ọwọ́ lásán ni. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo kán ọṣẹ olómi ẹyọ kan péré sí i, mo rọra fi ìka fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun, mo sì fi ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá fà á gbẹ. Orin kẹta dé ibi tí ó máa ń há sí. Mo di etí aṣọ mi mú. Ó kọjá. Orin kẹrin, tí n kò gbọ́ rí láyé mi, bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní pálọ̀ wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo sì dìde lórí ìjókòó bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Àdúgbò Dókà ní Kàdúná ni à ń gbé, nínú ilé olójúle mẹ́ta kan tí igi dógóyárò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá di ojú títí di òní, etí mi ṣì ń gbọ́ òwúrọ̀ ilé náà: ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ Ìyá àgbà lórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà táyà kẹ̀kẹ́ mai ruwa, olómi àdúgbò, tí ń pariwo lábẹ́ ìwúwo jálá omi, lẹ́yìn náà òróró obìnrin oníkòsé iwájú ilé tí ń hó. Kòsé, ìyẹn àkàrà, àti kunu, ògì olómi wọn, la fi ń jẹun àárọ̀, ṣùgbọ́n iyán ni Ìyá àgbà máa ń pè ní oúnjẹ. Òun ni ìyá Bàbá mi. Láti Ìyàgbà ló ti wá bá wa gbé, lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá àgbà. Kò gbọ́ Háúsá ju “sannu” tí wọ́n fi ń kíni lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí èdè mìíràn tó yá àwa ọmọ lẹ́nu tó Háúsá. Bí ó bá bi wá ní ìbéèrè lédè Yorùbá, tí a bá fi Háúsá fèsì, á ní: “Ẹnu Háúsá yẹn, ẹ máa bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà yín.” Bàbá, tí Ìyá àgbà sọ ní Rẹ̀mí, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, á rẹ́rìn-ín títí ìwé ìròyìn á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ sídíì wọ̀ mí lára. Mo fi ìwé ìṣirò mi tí kò tíì kún ṣe ìwé àkọsílẹ̀. Mo ya ìlà sí i, mo ń kọ irú ìhá, ìyẹn ojú ibi tí nǹkan ti họ ọ́, tó wà lára sídíì kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo fi tọ́jú rẹ̀, àti ibi tí ó kọ dé kó tó há. Mo fi ọ̀rá ìpara dán an wò, ó mọ́ lójú, kò sì wúlò. Mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dán an wò nítorí ọmọ kíláàsì mi kan búra sí i, eèrà ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín ló ṣiṣẹ́, funfun tó ki, kì í ṣe èyí tí ó mọ́ gaara bí omi. Ṣùgbọ́n sídíì méjì ni mo bà jẹ́ pátápátá kí n tó mọ bí a ṣe ń nù ún. Mallam Ùbá, tí ń tún rédíò ṣe ní orígun òpópónà wa, rí mi níbi tí mo ti ń fi aṣọ yí ọ̀kan po bí ẹni ń lọ ata, ó sì pariwo pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: “Haba, yarinya! Ba haka ba!” Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka fa ìlà tààrà láti ihò àárín bọ́ sí etí, bí wáyà inú táyà kẹ̀kẹ́. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń kà á, yípo yípo sì ni ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn. Bí ìhá bá dábùú ọ̀nà rẹ̀, á fò ó. Bí ìhá bá bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ló máa rì sí. Mo sáré lọ sílé lọ kọ ọ́. Ohun kejì tí mo kọ lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo rí i: àárín ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, etí ló ń parí sí. Sídíì tí kò kún, ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ máa rí ààlà ibi tí kíkọ dé. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé “ní ìparí ló ti ń há,” mo ti mọ ibi tí mo máa wò.

Sídíì kan wà tí gbogbo ilé kì í fi ṣeré. Ìgbéyàwó Àǹtí Ronkẹ́, àbúrò Bàbá tó kéré jù, ló wà lórí rẹ̀. Kàdúná níbí ni wọ́n ti ṣe é, Bàbá àgbà àti Ìyá àgbà sì bá mọ́tò wá láti ilé, Bàbá àgbà pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀ àti agbádá funfun, láti wá súre fún ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ mọ àwọn onífídíò. Ọkùnrin tó ya tiwa ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó gba oṣù méje. Ìgbà tí sídíì fi dé ọwọ́ wa, a ti sin Bàbá àgbà, ọkùnrin náà sì ti kó kúrò ní Kàdúná. Ẹyọ méjì ló ṣe. Ọ̀kan lọ sí ilé ọkọ Àǹtí Ronkẹ́, ó sì sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ilé. Tiwa nìkan ló kù. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó, àwọn ará ìjọ kún pálọ̀ wa, ariwo wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n bí Bàbá àgbà ti yọ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, Ìyá àgbà sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga, ó sì sọ fún obìnrin tó jókòó tì í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún, kó ráàyè jókòó.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà tó kẹ́yìn sídíì náà ni ìre tí Bàbá àgbà sú. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà ń wá. Èmi kò gbọ́ ọ dáadáa rí, nítorí àkókò yẹn gan-an ni Màmá máa ń rán mi sí ìdí ìkòkò. Ohun tí Màmá rántí kò ju pé gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín níbì kan. Òun náà, oúnjẹ ló ń pín lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, Bàbá sì ń sin àlejò lẹ́nu ọ̀nà; bí a bá sì ń wò ó nílé, orí ìwé ìròyìn lojú rẹ̀ máa ń wà.

Nígbà tí a ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Màmá Títí wá yá a. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú wa ni, kò ráàyè wá sí ìgbéyàwó náà. Ẹ ní láti mọ òfin Màmá. Gbogbo abọ́, síbí, ìkòkò àti kúlà tó bá máa jáde kúrò nílé wa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí òde ìjọ, Màmá á fi kútẹ́sì pupa kán àmì sí ìdí rẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti ẹlòmíràn búlúù, ti ẹlòmíràn funfun, nítorí bí òde bá ti tú ká, abọ́ kì í mọ olówó rẹ̀. “Nǹkan tí kò ní àmì,” Màmá á wí, “ẹni tó gbé e ló ni ín.” Ó sì kán kútẹ́sì pupa kan, tó tó èso ẹ̀wà kékeré, sí ẹ̀yìn sídíì náà, létí pátápátá, kí ó má bàa bo orúkọ ìyàwó àti ọkọ. Ó fẹ́ ẹ gbẹ. Ó fi lé Màmá Títí lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó padà pẹ̀lú ìhá mẹ́rìnlá. Mo kà wọ́n. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí rẹ̀, láti àárín bọ́ sí etí, ọṣẹ ìfọyín, omi, aṣọ, ojú fèrèsé, títí tí ìhá mẹ́tàlá fi pòórá. Ó ń kọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìparí, níbi tí ohùn Bàbá àgbà ti ń gbọ̀n, tí àwòrán rẹ̀ sì ń já. Mo ronú bí onímọ̀: ìparí, etí ni. Kí ló wà létí? Kútẹ́sì. Ibi tí mo ronú dé yẹn kò burú, mo ṣì lè gbèjà rẹ̀ lónìí. Kẹ́míkà olóòórùn líle tó wà nínú kútẹ́sì yẹn ti ń jẹ ẹ̀yìn sídíì náà láti ọjọ́ tí Màmá ti kán an. Ṣùgbọ́n mo gbà pé pípupa rẹ̀ ló ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Mo fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Nígbà tí kò tètè gbọ́, mo fi etí síbí. Ó ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìpẹ́ ẹja, gbogbo dídán fàdákà abẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Mo gbé sídíì náà sókè. Mo rí ewé igi dógóyárò ìta láti inú rẹ̀.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa ń tọ́jú ojú tó ń dán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí a ń kọ orúkọ sí, tí a ń kán kútẹ́sì sí, níbẹ̀ ni fàdákà tó gbé ohùn náà wà, lábẹ́ ìpele kan tí kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ìhá ojú ṣeé nù. Ti ẹ̀yìn kò ní àtúnṣe. Mo dá sídíì náà padà sínú páálí rẹ̀, mo sì lọ bá wọn ṣa ìrẹsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìjọ, Ìyá àgbà pààrọ̀ ìró, ó so gèlè mìíràn, ó sì jókòó. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá àgbà wọlé, ó jẹun, ó dìde, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́. Màmá gbá a lórí. Bàbá yọ sídíì náà, ó tún fi í sí i. Ọwọ́ òkè, ẹnu lílà, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Màmá bínú dìde. “Màmá Títí! Ṣé àwo ọbẹ̀ ló fi ṣe ni? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, níwájú ẹgbẹ́, ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi!” Ìyá àgbà ń wo ọkọ rẹ̀ tó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dà bíi pé ó ń dúró kí ó parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ìpàdé tó pé, Màmá Títí fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ìkàn tí gbogbo wa ń pè ní yálò sínú ọ̀rá, ó wá kí Ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo ní kí n mú yálò wá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀.” Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. “Màmá Títí, ẹ káàbọ̀. Yálò dára. Sídíì wa náà dára nígbà tí ẹ gbé e lọ.” Ojú obìnrin náà yí padà. “Ṣé kò kọ ni? Ìyàwó Rẹ̀mí, mo búra, a ò fi nǹkan kan gbé e…” “Ẹ má búra nílé mi!” Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti gbé mi wọ àárín wọn. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní: “Màmá, èmi ni. Mo fi síbí họ ọ́. Mo fẹ́ kó kọ ni.” Háúsá ni mo fi sọ ìlàjì rẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Lọ́jọ́ náà, Ìyá àgbà kò bá mi wí lórí èdè.

Màmá Títí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ó ti tán, ọmọdé ni.” Màmá yọ sídíì náà nínú páálí rẹ̀, ó wo ihò náà, ó wo ìwọ̀n rẹ̀, ó wo ibi tí ó wà. Mo rí i nígbà tí ó yé e. Ó yíjú sí orí sẹ́ẹ̀fù tí ìgò kútẹ́sì wà, ó sì jókòó sórí àpótí kíṣìnì. “Àmì tèmi,” ó wí. “Màmá Títí, ẹ forí jì mí.” Ìyá àgbà ní kí wọ́n mú un wá fún òun. Ó fi ojú kan tí ó ríran dáadáa sí ihò náà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. “Ibi tí ó gbà jáde nìyí,” ó wí. Ó wá pè mí mọ́ra. “Bọ́sẹ̀ ọkọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ fi síbí mú un. Àti ìwọ àti ìyá rẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ mi. Ó dáa. Ìyà rẹ ni pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wàá jókòó tì mí títí dé ibi tó há sí.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìyà mi ṣe di ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọdún náà. Bí Bàbá àgbà bá ti gbé ọwọ́ sókè, tí ẹ̀rọ bá há, Ìyá àgbà á pa á fúnra rẹ̀, á sì parí ìre náà fún mi látorí. Omi kò ní tán nínú àmù rẹ, ilé ọkọ á tù ọ́ lára, ọmọ á bí ọmọ lójú rẹ. Lẹ́yìn náà á wá kan ibi tí Bàbá àgbà ti yíjú sí òun níwájú gbogbo èrò. Ibẹ̀ ni kì í dọ́gba. Lọ́sẹ̀ kan, ó ní ohun tí Bàbá àgbà wí ni, “Ẹ wo ìyàwó mi, òun ló gbé ilé mi ró.” Lọ́sẹ̀ kejì, “Kò sí obìnrin bíi rẹ̀ ní gbogbo Ìyàgbà.” Nígbà tí ó fi máa di ìgbà òjò, Bàbá àgbà ti sunkún, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bàbá á yọjú lẹ́yìn ìwé ìròyìn: “Ìyá, lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì dọ̀bálẹ̀ o.” “Ṣé ìwọ lo gbé ẹ̀rọ fídíò ni?” Bí ó ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹ̀rín mi pẹ́. Èmi ni mo họ òótọ́ dànù. Ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ sì ń fi ìfẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó padà sí Ìyàgbà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ ló sì kú sí. Èmi ni wọ́n fún ní sídíì náà. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí.

Barakallahu, ní Kàdúná níbí náà, ni mo ń gbé báyìí. Àwọn ènìyàn ń ti Mando wá bá mi pẹ̀lú sídíì ìsìnkú, ìkómọ, ìdúpẹ́, tí wọ́n fi sínú ọ̀rá, tí wọ́n di mú bí ẹyin. Mo ṣì ń fọ̀ ọ́ bí mo ṣe fọ ti àkọ́kọ́, ọṣẹ olómi ẹyọ kan péré. Ṣùgbọ́n ti Bàbá àgbà, ihò ni, omi kò sì lè fọ ihò. Kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi ní sùúrù. Ẹ̀rọ ilé máa ń há ní ihò, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe ń bẹ̀ ẹ́, á fo ibi tó ṣófo, á gba ìwọ̀nba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á padà wá, á tún bèèrè. Ihò náà rí róbótó, nítorí náà òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àárín nìkan ló fẹ̀. Mo fi téèpù dúdú bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ra ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ń ka sídíì, mẹ́sàn-án, nítorí ojú kálukú wọn yàtọ̀, ohun tí ọ̀kan kò rí, òmíràn á rí i. Mo ń kà á ní ìrìn tó lọ́ra jù, ní òwúrọ̀ ọyẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ tutù, ibì kan náà ní igba ìgbà. Ọdún kìíní, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni mo rí gbà. Lẹ́yìn náà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀, ó ku ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́dún tó kọjá, ó ku mọ́kàndínlógún.

Ọyẹ́ èyí, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Bàbá ní Dókà. Irun rẹ̀ ti funfun, ìwé ìròyìn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ tó tutù láti inú omi di èjìká mi mú. Bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì jáde. Ó súre tán. Ilé ọkọ tù lára, ọmọ bí ọmọ, gbogbo rẹ̀ pé bí Ìyá àgbà ti máa ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó yí orí, ó ń wá ẹnì kan láàárín èrò, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀: “Ìyá Rẹ̀mí, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?”

Ibẹ̀ ló ti ṣókùnkùn. Nígbà tí àwòrán padà, gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, Bàbá àgbà ń fi etí agbádá nu ojú, Ìyá àgbà sì ti fi gèlè bo ẹnu.

Bàbá gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. “Kò dọ̀bálẹ̀,” ó wí.

Màmá ní, “Ṣé o mọ̀? Ó lè ti dọ̀bálẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn.”

“Bọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni òkùnkùn náà?” Bàbá bèèrè.

Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní kí n tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò àtijọ́ náà, lórí ìlà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínláàádọ́ta ti padà. Ó ku mọ́kànlá.